Ìrìn Ẹsẹ̀ ní Ìlú Èkó àti Ìdí Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Bí ó ti rí nípa eré sísá, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nípa ìrìn ẹsẹ̀ láàárín ìlú. Àwọn kan a máa rò pé àìlówó nìkan ni ó ń mú ènìyàn fi ẹsẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n ìtàn Èkó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ìsàlẹ̀ Èkó àtijọ́, agbo ilé, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà kò jìnnà sí ara wọn. Obìnrin oníṣòwò lè yà kí ìyá rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ó dé ìsọ̀ rẹ̀, kí ó sì tún padà wá dáná fún àwọn ọmọ, láì ná kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀. Ìrìn tí ó ní èrè ni.

Ní 1955, ìgbìmọ̀ atúnlùúṣe tí àwọn ará Èkó mọ̀ sí L.E.D.B., èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku fà, gbé ètò kalẹ̀ láti wó àwọn ilé tí ó wà lórí nǹkan bí 70 éékà ilẹ̀ ní àárín ìlú. A kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílé àti ayálégbé lọ sí Súrùlérè. Ilé ibẹ̀ láyè, ọ̀nà rẹ̀ sì gún. Síbẹ̀, Peter Marris, tí ó wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, rí i pé owó ọkọ̀ ti di ìnira fún wọn. Oníṣòwò jìnnà sí oníbàárà. Ẹbí kò sì lè máa yọjú sí ara wọn lójoojúmọ́ mọ́. Ọ̀nà tí ó gún kò lè mú wọn rìn, nítorí ibi tí ọkàn wọn ń fà sí wà ní òdìkejì ọ̀sà.

Irú ìrìn mìíràn tún wà. Nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní oṣù kejì ọdún 2020, ogunlọ́gọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn. Ará ìsàlẹ̀ Èkó àtijọ́ ń lé nǹkan. Ní ti àwọn wọ̀nyí, nǹkan ni ó ń lé wọn.

Nítorí náà, ẹni tí yóò bá tún ìlú ṣe, kí ó tó wọn ìbú títì, kí ó kọ́kọ́ wọn bí ọjà ti jìnnà sí ilé tó, àti bí ọmọ ti jìnnà sí ìyá rẹ̀ tó.