Adágún Ìyàkẹ̀
Adágún omi orí òkè àpáta ni Adágún Ìyàkẹ̀, ó wà ní Adó-Àwáyè, ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kò tóbi tó àwọn adágún orí òkè ilẹ̀ Yúróòpù, àmọ́ ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn 369 dé ibẹ̀ yóò rí ohun àrà. Òkúta Ìṣàgè dúró lóòró lórí àpáta mìíràn, bí ẹni pé kò sóhun tó dì í mú. Ibì kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Kan Ayé, Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run. Adágún Ìyá Aláró náà ń bẹ lórí òkè yìí. Igi àti koríko tó hù láàárín àpáta ni ọgbà ibẹ̀, ó sì rẹwà gidigidi.