Pípàgọ́ àti Ìgbafẹ́ ní Àyíká Salida, Létí Odò Arkansas

Salida jẹ́ ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Colorado ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó wà ní àfonífojì odò Arkansas, níbi tí ilẹ̀ ti fi ohun tí ó lé ní 7,000 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ. Ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ni àwọn òkè Sawatch tò sí, àwọn àgbà òkè aládé yìnyín, tí púpọ̀ nínú wọn ga ju 14,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ọ̀kan nínú wọn ni Shavano, tí a fi orúkọ olóyè kan sọ nínú àwọn Ute, àwọn tí wọ́n ti ń ṣọdẹ ilẹ̀ náà kí aláwọ̀ funfun tó dé. Ilé-iṣẹ́ rélùwéè Denver and Rio Grande ni ó tẹ ìlú náà dó ní 1880, ojú irin ni àwọn ará ibẹ̀ sì ń wò jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kò wá mọ́, odò tí ń kọjá lẹ́yìnkùlé wọn ni ó di alágbàtọ́ wọn. Nígbà ìkànìyàn 2020, iye wọn kò tó 6,000, ṣùgbọ́n bí ooru bá dé, àlejò a máa pọ̀ ju onílé lọ lójú pópó.

Ní 1949 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní FIBArk. Láti Salida dé Cañon City, nǹkan bí máìlì 57 lórí omi tí ń ru gùdù láàárín àpáta, ni wọ́n ní kí àwọn olùdíje tù. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n fi àyà gbà á lọ́dún náà, àwọn ará Switzerland méjì, Robert Ris àti Max Romer, nìkan ni ó dé òpin, èyí kò sì ya ẹni tí ó bá ti rí odò náà lẹ́nu. Lónìí, ọkọ̀ rọ́bà ni ọ̀pọ̀ àlejò ń wọ̀, pẹ̀lú akoto lórí àti ẹ̀wù amúniléfòó lọ́rùn, tí atukọ̀ tí ó mọ ojú omi sì jókòó sẹ́yìn wọn, nítorí àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Browns Canyon, ọ̀nà tóóró tí odò gbà kọjá láàárín àpáta líle lókè ìlú, ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ààrẹ Obama ni ó sọ ọ́ di ibi àìgbọdọ̀-bàjẹ́ ti orílẹ̀-èdè ní 2015.

Òwe wa sọ pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ṣùgbọ́n Arkansas ní orísun tí ọwọ́ ènìyàn fún un pẹ̀lú. Wọ́n gbẹ́ ihò la inú òkè kọjá, wọ́n sì ń fà lára omi ìhà ìwọ̀-oòrùn wá sínú àwọn adágún òkè odò, fún àǹfààní àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìlú ńlá ìsàlẹ̀. Àwọn tí wọ́n ni omi yìí fi inú kan bá àwọn ọlọ́kọ̀ àti aláṣẹ ẹja ṣe àdéhùn pé, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, bí ó bá ti ṣeé ṣe, omi tí ó tó 700 ẹsẹ̀ bàtà oníhà mẹ́ta yóò máa kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, àdéhùn yìí yẹ fún ìyìn ju gbogbo ìdíje wọn lọ, nítorí ẹni tí ń fi àjẹ̀ gbá omi kì í sábà mọ̀ pé ẹnì kan ni ó ṣí i fún òun.

Hecla Junction, Ruby Mountain àti Rincon wà nínú àwọn ibi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ létí odò fún pípàgọ́. Owó ni a ń san, a sì máa ń gba àyè sílẹ̀ ṣáájú. Kí olúkúlùkù gbé omi mímu rẹ̀ dání. Ẹni tí kò bá fẹ́ ariwo lè pàgọ́ sínú igbó ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di ilé, nítorí òfin ti fi gbèdéke sí iye ọjọ́ tí yóò lò. Òtútù òru ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ òtútù ọyẹ́, kódà nínú ooru. Ààrá a máa sán lọ́sàn-án, ìdí nìyí tí àwọn apọ́nkè fi ń tètè jí kí wọ́n lè sọ̀ kalẹ̀ kí ọjọ́ tó yí. Oúnjẹ kì í sùn nínú àgọ́, nítorí béárì. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, wọn a ka iná dídá léèwọ̀: ààrá ni ó dá iná Decker sílẹ̀ ní 2019, tí ó jó igbó òkè gúúsù ìlú náà.

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà tiwọn ní àlàfo òkè Monarch, tí ó ga ní 11,312 ẹsẹ̀ bàtà, níbi tí àwọn tí ń fi pákó yọ̀ lórí yìnyín ti ń ṣeré nígbà òtútù. Bí omi àdéhùn bá ti parí láàárín oṣù Kẹjọ, tí odò fà sẹ́yìn, tí àpáta yọrí, ọlọ́kọ̀ a yẹ̀ fún apẹja, tí yóò wọ inú omi dé orúnkún láti wá ẹja trout aláwọ̀ ilẹ̀, tí í yé ẹyin rẹ̀ nígbà tí ewé bá ń wọ́.