Owó Ẹyọ Kọ́ Àwọn Bàbá Wa Ní Ìṣirò

Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni a fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀pọ̀ àgbà tí ó ti mọ ìwé kà ni ìṣirò ṣì ń bà lẹ́rù. Wọ́n ní ọgbọ́n òyìnbó ni, pé orí àgbà kò gbà á mọ́. Ẹ jẹ́ kí á bojú wẹ̀yìn, kí á wò ó bóyá òótọ́ ni.

Kí owó fáráǹ tó dé, owó ẹyọ ni àwọn bàbá wa ń ná. Àwọn erékùṣù Maldives, ní òkun tí ó wà ní gúúsù Íńdíà, ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ òyìnbó ni ó ń gbé e wá sí etíkun wa, títí kan Ìgèlèfè tí àwọn Faransé ń pè ní Ouidah. Owó yìí kéré, ó sì pọ̀. Kò sí nọ́ńbà lára rẹ̀. Ẹni tí yóò bá ná an gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kà á? Òjíṣẹ́ ìsìn kan wà tí ń jẹ́ Adolphus Mann, ó gbé ní ìlú Ìjàyè. Ó kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé kan tí ó jáde ní 1887. Ó ní wọn a da àpò owó sílẹ̀. Ẹni tí yóò kà á a jókòó tàbí kí ó kúnlẹ̀ tì í. A fi ọwọ́ fa márùn-ún, a tún fa márùn-ún. Bí ó bá fa márùn-ún nígbà ogún, ọgọ́rùn-ún pé. A tún ka ọgọ́rùn-ún mìíràn, a gbá méjèèjì jọ, ó di igba.

Igba márùn-ún ni ẹgbẹ̀rún. Igba mẹ́wàá ni ẹgbàá, èyí ni 2000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, èyí ni 20 000. Àpò ni ọ̀kẹ́. Wọ́n tún máa ń sín owó sí okùn. Ogójì owó ni okùn kan, àádọ́ta okùn sì ni ẹgbàá.

Ẹ wá gbọ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ yìí ṣe wà nínú orúkọ nọ́ńbà wa. Ogún méjì ni ogójì. Ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Ọgọ́ta tí a mú mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀ ni àádọ́ta. Bí a bá tún mú márùn-ún kúrò, ó di márùndínláàádọ́ta, èyí ni 45. Ẹ fi hóró àgbàdo dán an wò. Ẹ kó ogún ogún sílẹ̀ ní òkìtì mẹ́ta. Ẹ mú mẹ́wàá kúrò, ẹ tún mú márùn-ún kúrò. Ẹ ka ìyókù. Ìròpọ̀, ìyọkúrò àti ìlọ́po ti wà lẹ́nu wa kí á tó mú gègé.

Ayò náà ń kọ́ni. Ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ọ̀tayò tí ó gbọ́n ti mọ ibi tí ọmọ ayò ìkẹyìn yóò bọ́ sí kí ó tó jẹ ayò.

Ní 1894, àwọn Faransé sọ Dahomey di ilẹ̀ àmúsìn wọn. Owó ẹyọ kúrò lọ́jà díẹ̀díẹ̀. Ilé-ìwé dé pẹ̀lú èdè Faransé. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀, wọn a fi àmì ìtìjú kọ́ ọ lọ́rùn. Ọmọ ń ka nọ́ńbà bí orin ní èdè tí kò gbọ́, kò sì fi ọwọ́ kan ohun tí ó ń kà. Ìyá rẹ̀ ń ka owó lọ́jà láìṣìṣe, síbẹ̀ wọ́n ní ìyá kò mọ ìṣirò.

Ní ilẹ̀ òyìnbó pàápàá, àwọn olùkọ́ kan rí i pé ẹnu nìkan kò tó. Ní ìlú Thuin, ní Bẹ́ljíọ̀mù, olùkọ́ kan wà tí ń jẹ́ Georges Cuisenaire. Ó gé igi kéékèèké ní ìwọ̀n mẹ́wàá, láti sàńtímítà 1 dé 10. Ó kun ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Ọmọ a to igi 2 àti igi 3 sí ẹ̀gbẹ́ igi 5, a sì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé wọ́n dọ́gba. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1952, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì gba ọ̀nà náà. Ọwọ́ àti ojú ni igi rẹ̀ fi ń kọ́ ọmọ, gẹ́gẹ́ bí owó ẹyọ ti ṣe.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá gbé iṣẹ́ ilé-ìwé wálé, tí wọ́n ní kí ó wá 7 lọ́nà 8, ẹ má lé e. Ẹ ní kí ó to òkúta mẹ́jọ mẹ́jọ ní òkìtì méje. Kí ó kà wọ́n ní ogún ogún. Yóò rí ogún méjì, 16 yóò sì kù. Mẹ́rin péré ni kò jẹ́ kí ó pé ọgọ́ta. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta nìyẹn. Kí ó wá kọ ọ́ sílẹ̀: 56.

Kí ẹ̀yin náà kọ tiyín. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà, tí ó sì mọ̀ ọ́n kọ, yóò lè yẹ ìwé tí wọ́n bá fún un wò nígbà tí wọ́n bá wọn òwú rẹ̀. Yóò ṣòro láti rẹ́ ẹ jẹ.

Ení tere, èjì tere, ni ọjà fi ń kún.