Sìmẹ́ńtì Tí Ó Dí Èbúté Èkó: Ẹ̀kọ́ Ọdún 1975 fún Àwọn Agbaṣẹ́ṣe

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nígbàkígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń kọ́lé, tí ń la ọ̀nà, tí ń ṣe afárá ní Nàìjíríà bá péjọ, ẹkún kan náà ni wọ́n ń sun: ohun èlò gbówó lórí, iṣẹ́ ń falẹ̀, owó iṣẹ́ tí a ti ṣe parí kò tètè jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé àìlówó ni orísun gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ọdún 1975 fi hàn wá pé owó lè pọ̀ rẹpẹtẹ, kí iṣẹ́ ìkọ́lé sì dojú rú síbẹ̀.

Ogun abẹ́lé parí ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1970, ọ̀pọ̀ ọmọ-ogun ni kò sì ní ibùgbé tí ó yẹ wọ́n. Láàárín ọdún 1973 sí 1974, iye owó epo rọ̀bì di ìlọ́po mẹ́rin ní ọjà àgbáyé, owó sì ya wọ àpò Ìjọba Àpapọ̀. Ètò Ìdàgbàsókè Kẹta, ti ọdún 1975 sí 1980, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò bílíọ̀nù náírà 30. Bárékè, ilé-ẹ̀kọ́, ilé-ìwòsàn, òpópónà: kò sí èyí tí kò béèrè sìmẹ́ńtì. Ilé-iṣẹ́ Nkalagu ti ń ṣe é láti ọdún 1957, ti Ewékorò láti ọdún 1960, ṣùgbọ́n àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn kò lè ṣe èyí tí yóò tó. Ìjọba bá kọjú sí òkè òkun.

Àdéhùn 109 ni a bá àwọn olùtajà 68 ṣe, lórí sìmẹ́ńtì tí ó ju mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 16 lọ. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù dọ́là kan. Ilé-Iṣẹ́ Ètò Ààbò ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èbúté Èkó, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣètò rẹ̀, kò lè gba ju mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan sí méjì lọ lọ́dún. Agbè ẹlẹ́nu tóóró ni. Agbami ni a sì fẹ́ dà sí i.

Kí ọdún náà tó parí, ọkọ̀ tí ó ju 400 lọ ni ó dúró sí ojú òkun Èkó, sìmẹ́ńtì sì ni ó wà nínú èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni owó ìdádúró ọkọ̀ kan lójúmọ́. Sìmẹ́ńtì kò sì fẹ́ ọ̀rinrin. Bí ó bá pẹ́ nínú ọkọ̀, a di òkúta. Àwọn ọkọ̀ tí ó kó irin, ẹ̀rọ àti ọjà mìíràn náà há sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo agbaṣẹ́ṣe tí ó ti gba iṣẹ́ ní iye owó kan pàtó: owó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé, èlé bánkì ń gorí ara wọn, ọjọ́ tí ó dá ń súnmọ́lé, ohun èlò rẹ̀ sì wà lójú òkun. Báyìí ni ilé-iṣẹ́ tí kò ṣaláìníṣẹ́ ṣe ń kú.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Agẹmọ ọdún 1975, àwọn ológun yọ Ọ̀gágun Yakubu Gowon, Murtala Muhammed sì gba ipò rẹ̀. Ní oṣù Ògún, ìjọba kéde fún àwọn olùtajà pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, kò sì jẹ́ kí bánkì san owó mọ́ bí a ti ṣe àdéhùn. Àwọn olùtajà gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ní ọdún 1977, nínú ẹjọ́ Trendtex, Lord Denning àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London dájọ́ pé Bánkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kò lè sá sábẹ́ òjìji ìjọba láti bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́ gbèsè. Ilé-ẹjọ́ kan ní New York fi àṣẹ tí ó jọ ọ́ lélẹ̀ ní ọdún 1981. Ọdún 1977 náà ni a ṣí èbúté Tin Can, tí a fi ìkánjú kọ́ nítorí ìdí èbúté yìí.

Lónìí, ilẹ̀ wa ni a ti ń ṣe sìmẹ́ńtì tí a ń lò, Ọbàjánà sì jẹ́ ẹ̀rí. Síbẹ̀, ẹkún àwọn agbaṣẹ́ṣe kò tíì dáwọ́ dúró, nítorí pé ìwà tí ó fa ti ọdún 1975 kò tíì kúrò láàárín wa. Kí agbaṣẹ́ṣe tó tọwọ́ bọ̀wé, ó yẹ kí ó wọn ọ̀nà tí ohun èlò yóò gbà dé, kí ó sì jẹ́ kí ó hàn nínú àdéhùn ẹni tí yóò ru ẹrù bí iye owó bá yí padà tàbí bí iṣẹ́ bá dúró. Ó sì yẹ kí ìjọba má ṣe gbé iṣẹ́ tí kò tíì ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Owó a máa ra sìmẹ́ńtì; ètò ni í gbé e dé orí ìpìlẹ̀.