Kẹ̀kẹ́ Ológeere ní Ojú Ọ̀nà Ìkòròdú: Ìtàn Ìrìn-àjò Òòjọ́ ní Agbègbè Kòsọ́fẹ́

Ìfáárà

Nínú ìtàn ìrìnnà ní ilẹ̀ Yorùbá, ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń fún ní àyè. Èyí kò yani lẹ́nu: ní ọdún 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà ojú irin láti Èkó, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ṣùgbọ́n ti ìjọba ni ọkọ̀ ojú irin. Ti olówó sì ni ọkọ̀ akẹ́rù. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni ẹ̀rọ ìrìnnà àkọ́kọ́ tí àgbẹ̀, tíṣà àti oníṣòwò kékeré lè fi owó ara wọn rà, kí wọ́n sì gbé e wọ ìyẹ̀wù lálẹ́. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni ipa tí kẹ̀kẹ́ kó ní ojú ọ̀nà tí ó la Kétu, Ìkòsí àti Máìlì 12 kọjá, àti ìdí tí ó fi pàdánù àyè rẹ̀.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ àti Orúkọ

Karl von Drais, ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ ṣe igi ẹlẹ́sẹ̀ méjì ní 1817. Ẹsẹ̀ ni ẹni tí ó gùn ún fi ń ti ilẹ̀. Ní 1885, John Kemp Starley ṣe irú èyí tí a mọ̀ lónìí ní ìlú Coventry, ó fi ṣéènì yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ní 1888, Dunlop fi táyà aláfẹ́fẹ́ kún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn òyìnbó àti àwọn ọlọ́lá ní Èkó ni ó ń gùn ún. Nígbà tí owó kòkó wọlé ni àwọn mẹ̀kúnnù náà bẹ̀rẹ̀ sí ra Raleigh àti Hercules.

Yorùbá kò wá orúkọ lọ sí òkèèrè. Kẹ̀kẹ́ ti wà nínú èdè kí ẹ̀rọ yìí tó dé. Nínú Bíbélì Yorùbá tí wọ́n parí ní 1884, kẹ̀kẹ́ ni àwọn atúmọ̀ fi pe ọkọ̀ tí ẹṣin àwọn ará Íjíbítì ń fà. Geere sì ń júwe ohun tí ń yọ̀ lọ láìsí ìdíwọ́. Àkànpọ̀ méjèèjì bí kẹ̀kẹ́ ológeere, orúkọ tí ó fi ìrísí àti ìṣe ohun náà hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìrìn-àjò Òòjọ́

Kí títì ọlọ́dà tó là á já, orí omi ni ará Ìkòròdú ń gbà dé Èkó. Àwọn ará abúlé tí ó wà láàárín ń fi ẹsẹ̀ rìn, tàbí kí wọ́n wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ní Àgbóyí. Igbó ọ̀pẹ, oko ẹ̀gẹ́, ọ̀dàn àti irà odò Ògùn ni ó yí wọn ká. Máìlì ni ìjọba amúnisìn fi ń wọn ọ̀nà, ìwọ̀n yìí sì ni ó bí orúkọ Máìlì 12, èyí tí í ṣe nǹkan bíi kìlómítà 19.

Nínú ìṣirò yìí ni agbára kẹ̀kẹ́ wà. Ẹni tí ó ń rìn ní máìlì mẹ́ta láàárín wákàtí kan yóò lo wákàtí mẹ́rin lórí máìlì méjìlá; àlọ àti àbọ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́jọ, ilẹ̀ á sì ti ṣú. Ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ ní máìlì mẹ́jọ ní wákàtí kan yóò parí rẹ̀ ní wákàtí kan ààbọ̀. Ó lè so ẹmu tàbí ẹ̀fọ́ mọ́ kárià ní kùtùkùtù, kí ó ná ọjà, kí ó sì padà wá túlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ìrìn-àjò tí ń gba odidi ọjọ́ di ìlàjì ọjọ́. Kẹ̀kẹ́ kò nílò títì: ipa ẹsẹ̀ inú igbó tó o, bí ẹrẹ̀ bá sì pọ̀, olówó rẹ̀ á gbé e lé èjìká.

Bí Àyè Kẹ̀kẹ́ Ṣe Dínkù

Títì tí ó mú ìlọsíwájú wá ni ó lé kẹ̀kẹ́ kúrò. Ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù ni ọkọ̀ Ìbàdàn ń gbà títí wọ́n fi ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, gbogbo ọkọ̀ kúrò ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún. Afárá kẹta tí wọ́n parí ní 1990 já sí Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣókí. Abúlé di àdúgbò. Nínú ètò ìkànìyàn 2006, ènìyàn 665,393 ni wọ́n kà ní Kòsọ́fẹ́. Ní 2008, bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ láti Máìlì 12 lọ sí CMS, wọ́n sì ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún un. Wọn kò ya ọ̀nà kankan sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́.

Alùpùpù tí a ń pè ní ọ̀kadà, láti ara ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air, gba iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere. Kẹ̀kẹ́ Marwa, tí a fi orúkọ Buba Marwa tí ó ṣe ìjọba Èkó láti 1996 sí 1999 pè, gba orúkọ rẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 2022, ìjọba fi òfin de ọ̀kadà ní Kòsọ́fẹ́, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Múṣin. Ewu ìjàǹbá àti ìwà ọ̀daràn ni ìjọba tọ́ka sí. Ẹni tí kò lówó bọ́ọ̀sì padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí baba ńlá rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìtàn ojú ọ̀nà Ìkòròdú fi hàn pé títì lè gbòòrò kí ó sì dínà mọ́ tálákà. Kì í ṣe pé kẹ̀kẹ́ kò wúlò mọ́ ni ó fi parẹ́. Àwọn tí ó ya àwòrán títì ni kò rántí ẹni tí ń gùn ún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò kọ ìtàn ìlú rẹ̀ kò gbọdọ̀ béèrè ọjọ́ tí wọ́n la ọ̀nà nìkan. Kí ó béèrè ẹni tí wọ́n là á fún.