Oníṣẹ́ Abẹ Èrúwà

Àwọn ará Ìbàdàn mọ ilé ìwòsàn ńlá nì tí a ń pè ní UCH, tí kò jìnnà sí Bódìjà, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ iṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ti ré òkun kọjá. A kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn gba ọ̀nà mìíràn: èyí ni Dókítà O. Awójọbí.

Ó gboyè ní ọdún 1975, ó sì tún kọ́ iṣẹ́ abẹ ní UCH títí ó fi di ọ̀jáfáfá. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀, àga olùkọ́ yunifásítì ni ojú rẹ̀ sábà máa ń wò. Ní ọdún 1983 ó kó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Èrúwà, ní ilẹ̀ Ìbàràpá; ní ọdún 1986 ó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú náà.

Ẹ jẹ́ kí a ro ti àgbẹ̀ tí ìpá ń dà láàmú. Kò lè kọ ebè. Bí ìfun bá sì há sínú ìpá náà, tí a kò tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, yóò kú. Owó ọkọ̀ dé Ìbàdàn, kí a má tíì sọ ti oúnjẹ àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀, tó láti dá a dúró sílé.

Iná mànàmáná kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ̀rọ òkèèrè sì wọ́n. Awójọbí kò dúró de ìjọba. Pákó ni ó fi kan tábìlì iṣẹ́ abẹ. Kí a tó mọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bá tó, a ní láti yí i bí òkòtó kí pupa inú rẹ̀ lè yà kúrò lára omi: àgbá kẹ̀kẹ́ ológeere ni ó sọ di ẹ̀rọ tí ń ṣe èyí, ọwọ́ ni a sì fi ń yí i. Sílíńdà gáàsì ni ó fi ṣe ìkòkò tí a fi ń se irinṣẹ́ abẹ kí kòkòrò àrùn lè kú, ṣúkù àgbàdo tí a ti yọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń fi dáná sí i. (Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ń sun ṣúkù dànù, ẹ gbọ́!)

Àwọn kan lè wí pé ó ti kọ ìwé sílẹ̀. Lójú tiwa, ìgbà náà gan-an ni ó ń lò ó. Ó ń kọ ohun tí ó ṣe sínú ìwé àwọn oníṣègùn, àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè ń kà á, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sì ń wá wò ó ní Èrúwà. Ibẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní ẹni ọdún 64.