ÌGBOYÀ ONÍṢÒWÒ: MUHAMMAD SHITTA ÀTI ODÒ ỌYA



  Ọ̀rọ̀ òwò ni a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí ni òwò ń wá nínú wáàsí ààwẹ̀. Oúnjẹ tí a ó fi ṣínu nírọ̀lẹ́, ọjà la ti rà á. Sàká tí a ó yọ, inú ohun tí òwò mú wá ló ti ń jáde.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní òwò kan lọ́kàn. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá. A mọ irú ṣọ́ọ̀bù tí a fẹ́ gbà, a mọ ọjà tí a ó kó sí i, a tilẹ̀ ti mọ orúkọ tí a ó kọ sára pátákó. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá yí, a ó ní ó di èyí tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá bi wá pé kí ló dé, a ó ní owó ò tíì pé. Owó lè má pé lóòótọ́. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rù ló ń bà wá, owó la kàn ń purọ́ mọ́.

Ìtàn Abdur-Rahman ọmọ Auf kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà ní ọdún 622, ọrọ̀ rẹ̀ kò bá a débẹ̀. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) so òun àti Sa'd ọmọ Rabi' pọ̀ bí ọmọ ìyá. Sa'd ní òun yóò pín dúkìá òun sí méjì kí ó mú ìdajì. Abdur-Rahman ṣàdúà fún un, ó ní kí wọ́n ṣáà fi ọ̀nà ọjà han òun. Wọ́n fi ọjà Banu Qaynuqa hàn án. Wàrà gbígbẹ àti bọ́tà ló fi bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó ti rí wúrà fi ṣe owó ìyàwó. Kò béèrè owó, ọ̀nà ọjà ló béèrè.

Ìbéèrè yẹn náà ni a fẹ́ fi wo ìtàn ilẹ̀ tiwa. Ọkùnrin kan gbé Èkó rí tí ọjà tirẹ̀ jìnnà réré, tí òkun àti odò ńlá sì wà láàrin òun àti ọjà náà. Muhammad Shitta lorúkọ rẹ̀.

Waterloo ní ilẹ̀ Sàró ni wọ́n bí i sí. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, wọ́n wà lára àwọn tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Sàró. Salu bàbá rẹ̀ ṣe lémọ́mù fún àwọn Mùsùlùmí Fourah Bay. Ní 1844, ìdílé náà wọ ọkọ̀ padà sí ilẹ̀ bàbá wọn, wọ́n sọ̀ sí Àgbádárìgì. Ní 1849, bàbá kú. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní ìparí 1851, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ lórí oyè, Shitta kó wá sí Èkó, ó sì ń ṣòwò níbẹ̀. Kò tíì dàgbà púpọ̀ tó fi gbé Sàró, Àgbádárìgì àti Èkó. Àwọn àgbà ní ojú tó ti rí òkun kò ní í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù.

Báwo ni òwò ṣe rí l'Éko nígbà náà? Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà ní 1861. Ṣùgbọ́n ogun Ìjàyè ti bẹ̀rẹ̀ ní 1860, kò sì parí títí di 1865. Ìbàdàn ń bá Ẹ̀gbá jà, Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn ọ̀nà tó ti òkè wá sí etí òkun ń ṣí, tí wọ́n ń tì. Oníṣòwò Èkó lè kó aṣọ jọ kún ilé kó má rí ọ̀nà gbé e lọ sóde. Ọ̀pọ̀ jókòó, wọ́n ń retí kí ogun ó tán.

Ọ̀nà mìíràn wà: odò Ọya. Ẹni tó bá ti ẹnu odò ní Akassa wọlé lè gòkè títí dé ilẹ̀ Tápà láìgba ojú ogun kankan kọjá. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gba ibẹ̀? Odò náà ti lórúkọ burúkú. Ní 1832, Macgregor Laird kó ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wọ inú rẹ̀. Nínú òyìnbó 48 tó bá a lọ, 9 péré ló padà délé. Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta lọ. Ibà mú òyìnbó inú wọn, ó sì pa ju 40 lọ. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò náà kò fẹ́ kí ọkọ̀ ré wọn kọjá, nítorí òwò alárinà ni oúnjẹ wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yìnbọn sí ọkọ̀ tó bá ń gòkè.

Ní 1854 ni nǹkan yí padà. Ọkọ̀ Pleiad, tí Baikie ṣe ọ̀gá rẹ̀, gun odò náà, ó lo 118 ọjọ́ lórí rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan tó kú. Oògùn ibà kíkorò nì, kíníìnì, ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́ kí ibà tó dé, wọn kò dúró dìgbà tí ara bá gbóná. Àjàyí Crowther tó wà nínú ìrìn-àjò 1841 tún wà nínú èyí. Láti 1857, Laird gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba láti máa rán ọkọ̀ gòkè lọ́dọọdún. Baikie lọ tẹ̀dó sí Lọ́kọ́jà. Masaba tó jọba Tápà ní Bídà láti 1859 fẹ́ràn òwò, ó sì gba àlejò.

Ọ̀nà ṣí báyìí, àmọ́ ẹ̀rù kò tíì kúrò lára àwọn èèyàn. Ní 1864, Shitta dìde. Ó lọ dá ilé òwò sílẹ̀ ní Egga, ìlú ọjà àwọn Tápà létí odò Ọya, lókè Lọ́kọ́jà. Aṣọ ìlú òyìnbó, obì, awọ ẹran, ẹ̀gúsí: irú ọjà tó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá nìyẹn. Láti 1844 tó ti dé Àgbádárìgì títí di ìgbà yìí, ogún ọdún gbáko ni. Nínú ogún ọdún yẹn, ó ti kọ́ òwò, ó ti mọ èèyàn. Bó sì ti dé Egga, kì í ṣe àjèjì pátápátá. Mùsùlùmí ni ọba, Mùsùlùmí lòun náà. Ìrun kan náà ni wọ́n ń kí. Ohun tí ọlọ́jà òyìnbó kò lè fi owó rà nìyẹn.

Ó là, ó lówó, débi pé Olówó Pupa ni wọ́n ń pè é l'Éko.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn tó dúró. Ní 1879, George Goldie so àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó orí odò náà pọ̀ di ẹyọ kan. Ní 1886, ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fún ilé-iṣẹ́ yìí ní ìwé àṣẹ, ó sì di Royal Niger Company. Wọ́n ń gba owó ìwé àṣẹ, wọ́n ń gba owó orí ọjà, wọ́n sì fi ni oníṣòwò dúdú lára títí ọ̀pọ̀ fi kúrò lórí odò. Ó dun àwọn ará Brass débi pé wọ́n kógun ja Akassa ní 1895. Ní ọdún 1900 ni àṣẹ yẹn tó kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ní òun yóò lọ Egga lọ́dún tó ń bọ̀, tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún 22 lẹ́yìn tí Shitta ti lọ, ẹnu ọ̀nà títì ni yóò bá.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn wa. Àwọn kan ń pe ìwàǹwára ní ìgboyà. Bí Shitta bá lọ ní 1841, a kò ní pè é ní akíkanjú, àbámọ̀ la ó máa sọ. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Bó bá sì dúró di 1886, kò ní rí ibi fẹsẹ̀ lé. Ọbẹ̀ tó gbóná ń jóni lẹ́nu, èyí tó tutù jù ti dì. Ìgboyà oníṣòwò ni kí ó mọ ìgbà tí ewu ti dínkù tí ilẹ̀kùn kò sì tíì tì, kí ó sì gbéra nígbà náà, bí ẹ̀rù tilẹ̀ ń bà á.

Nítorí náà, kí ẹni tó ní òwò lọ́kàn bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ohun tó ń bà mí lẹ́rù yìí, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀, àbí ìròyìn àtijọ́ ni mo ń gbọ́? Ìkejì, kí ni mo ti ní lọ́wọ́ tí kì í ṣe owó: èdè, iṣẹ́ ọwọ́, èèyàn tó fọkàn tán mi? Ìkẹta, bí mo bá tún dúró, ta ló ń bọ̀ wá ti ilẹ̀kùn? Lẹ́yìn ìyẹn, kó kí ìrun rẹ̀, kó bá aya tàbí ọkọ rẹ̀ jíròrò, kó bẹ̀rẹ̀ níwọ̀n agbára rẹ̀. Wàrà gbígbẹ àti bọ́tà kò kéré jù.

Kí la ó wá fi èrè ṣe? Shitta fi owó ara rẹ̀ kọ́ mọ́sálásí sí Martins Street l'Éko. João Baptista da Costa, ará Àgùdà, ló darí ilé kíkọ́ náà, Sanusi Aka sì bá a ṣe é. Ní 4 July 1894 ni wọ́n ṣí i, Gómìnà Carter sì wà níbẹ̀. Abdullah Quilliam, òyìnbó tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Liverpool, wá ṣojú Sultan ilẹ̀ Tọ́kì, ó sì mú oyè Bey wá fún Shitta. Ìdí tí a fi ń pè é ní Shitta Bey nìyẹn. Ó kú ní 1895. Ọjà Egga ti di ìtàn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń pe ìrun nínú mọ́sálásí náà.

Ọlọ́hun Ọba, fún àwọn ọmọ wa lọ́kùnrin lóbìnrin ní òye tí wọn yóò fi mọ ìgbà, àti ọkàn tí wọn yóò fi gbéra. Fi àlùbáríkà sí òwò wa, má sì jẹ́ kó gbàgbé aláìní. Àmín.